Èsì: Ṣé kí wọ́n dí Pópó Àgùdà mọ́ mọ́tò?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kí wọ́n dí Pópó Àgùdà l'Ékòó, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wálé, mọ́ mọ́tò kí ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn fàlàlà. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ wo Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní Salvador, Brazil ná. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 1985. Nígbà tí ìjọba Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, tún un ṣe láàárín ọdún 1990 sí 1999, wọ́n kun ilé, wọ́n la gbàgede sẹ́yìn ilé. Ó rẹwà, irọ́ kọ́! Ṣùgbọ́n owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ tálákà ibẹ̀, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, pé kí wọ́n kó jáde. Ṣọ́ọ̀bù àwọn arìnrìn-àjò ló rọ́pò wọn. Tiwa tiẹ̀ burú jù: wọ́n wó Ilojo Bar l'Ékòó ní 2016, ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà tí ìjọba àpapọ̀ ti kà sí ohun ìrántí! Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáàbò bo ilé àtàwọn ayálégbé.