Ọjọ́ orí yín gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sí káàdì

Ẹ kú oríire o, àbúrò mi. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ ní ẹ ti pé ọdún 39, oyún àkọ́kọ́ yín nìyí, ìyá ọkọ yín sì ní kẹ́ ẹ kọ 33 sílẹ̀ ní ọsibítù, kí wọ́n má baà tètè máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ẹ bá wọn ṣe "ẹ ṣeun, mà", kẹ́ ẹ sì kọ 39. Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi n'Íbàdàn. Lórí bẹ́ǹṣì aláboyún níbẹ̀, mo gbọ́ báwọn kan ṣe ń gé ọdún kúrò bí ẹni tó ń ná ẹja.

Káàdì yẹn ni dókítà fi ń mọ ohun tó yẹ kó máa ṣọ́. Ẹni tọ́jọ́ orí rẹ̀ ti lọ díẹ̀, tó tún jẹ́ oyún àkọ́kọ́ ló ní, wọ́n lè ní kó máa lo ásípírìn kékeré láti bí ọ̀sẹ̀ 12, kí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún má baà tètè mú un. (Ẹ má dá a rà ní kẹ́míìsì o!) Ta ló máa rántí fún "ọmọ ọdún 33"?

Ọ̀rọ̀ àrùn Down tẹ́ ẹ bèèrè, èyí tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ, tí kì í jẹ́ kó tètè mọ nǹkan bí ẹgbẹ́ rẹ̀: ẹyin tá a fi ń bímọ, inú ìyá wa la ti gbé e wá, bá a ṣe ń dàgbà lòun náà ń dàgbà. Ní 25, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 1,200 ló ń ní in. Ní 40, nǹkan bí 1 nínú 100. Àwọn 99 yòókù ńkọ́?

Iṣẹ́ abẹ wọ́pọ̀ fáwa àgbà lóòótọ́. Òun ni wọ́n fi gbé tèmi. Ọmọ ké, ó parí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bà mí lẹ́rù jù. Ibì kankan ò dùn mí, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń jẹ àmàlà mi. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe wọn ìfúnpá mi tó di 150/100, tó ti ga jù, tí wọ́n sì rí purotéènì nínú ìtọ̀ mi, àmì pé ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti ń kan kíndìnrín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá mi dúró. Nítorí náà, bí orí bá ń fọ́ yín tí kò lọ, bí ojú bá ń ṣe bàìbàì, bí ojú àti ọwọ́ bá ṣàdédé wú, tàbí tí abẹ́ ìhà bá ń dùn yín, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì.

Wọ́n á ní tẹ́ ẹ bá ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru náà tán. Kò tán. Tèmi tún gbéra nígbà tá a ti délé, táwọn èèyàn ń gbára dì fún ìkómọ. Ẹ máa wọn ìfúnpá yín títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á fi pé.