Ẹ Má Yọ Brómínì Kúrò Nínú Ìṣirò Òsóònù
Ẹ béèrè pé, níwọ̀n ìgbà tí brómínì (èròjà kẹ́míkà kan tó jọ klórínì) tó wà ní òkè òfúrufú kò ju nǹkan bí 20 lọ nínú mólékù afẹ́fẹ́ tírílíọ̀nù kan, tí klórínì sì fi ìlọ́po tó lé ní 100 pọ̀ jù ú lọ, ṣé kò burú bí èèyàn bá yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò àdánù òsóònù, gáàsì òkè òfúrufú tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe é rí, ọ̀pọ̀ oṣù ni mo sì fi ṣòfò.

Àdánù òsóònù lókè Àǹtákítíkà, láti oṣù kẹjọ tí oòrùn ti ń padà dé títí wọ oṣù kẹwàá, ni mo ń ṣírò lórí kọ̀ǹpútà, klórínì nìkan ni mo sì fi sí i. Òsóònù inú ìṣirò mi ń dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yá tó èyí tí àwọn ẹ̀rọ tí bàlúùnù gbé lọ sókè wọ̀n. Mo dẹ́bi fún ìwọ̀n òtútù, mo tún un ṣe. Mo dẹ́bi fún ìmọ́lẹ̀ oòrùn, mo tún ìyẹn náà ṣe. Pàbó ló já sí.

Ohun tí kò yé mi nígbà náà ni pé klórínì ní ibi tó ń fara pamọ́ sí, brómínì kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Bí átọ̀mù klórínì bá pàdé mẹ́téènì, a já háídrójìn gbà lára rẹ̀, a di HCl, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìfọwọ́ kan òsóònù. Agbára brómínì kò ká mẹ́téènì, ìdí nìyẹn tí HBr (brómínì tó so mọ́ háídrójìn) fi ṣọ̀wọ́n. BrONO2 (brómínì tó so mọ́ náítrójìn àti ọ́ksíjìn) tí ì bá sì so ó mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán a tú u ká láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, nǹkan bí ìdajì brómínì ló ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí BrO (brómínì tó so mọ́ ọ́ksíjìn). Bí BrO yìí bá pàdé ClO (klórínì tó so mọ́ ọ́ksíjìn), átọ̀mù brómínì àti ti klórínì a tún dòmìnira, wọn a padà sídìí òsóònù, láìsí pé wọ́n nílò átọ̀mù ọ́ksíjìn tó dá wà, èyí tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ níbi tí òsóònù pọ̀ sí jù. Bí a bá fi átọ̀mù kan wé èkejì, agbára brómínì tó ìlọ́po 60 ti klórínì, ìpàdé BrO àti ClO sì lè fa ohun tó tó ìdajì àdánù náà ní àgbègbè òpó ayé, bíi ti Àǹtákítíkà.

Àṣìṣe mi kejì kéré sí ti àkọ́kọ́: halon (gáàsì tí wọ́n fi ń paná) àti methyl bromide (gáàsì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò) nìkan ni mo kà sí orísun brómínì. Nǹkan bí 5 nínú 20 yẹn ń wá láti ara ewéko inú òkun, tó ń tú bromoform àti dibromomethane, àwọn kẹ́míkà tó ní brómínì nínú, jáde, Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987, tó ń dín àwọn kẹ́míkà tó ń ba òsóònù jẹ́ kù, kò sì lè ká wọn lọ́wọ́ kò.

Nígbà tí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ sí i tán, ẹ wo BrO ní òru níbi tí ClO ti pọ̀. Ó yẹ kó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó ti di BrCl (brómínì àti klórínì tó so pọ̀), kó sì tún yọ ní kété tí ojúmọ́ bá mọ́. Bí ó bá ṣì pọ̀ lọ́gànjọ́ òru, ẹ ti fo ìpàdé òun àti ClO níbì kan.