Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àwọn nọ́ńbà wo ló pín 123,456,789?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Mo fẹ́ mọ gbogbo nọ́ńbà tó pín 123,456,789 láìṣẹ́kù. Mo fi 3 pín in lẹ́ẹ̀mejì, ó di 13,717,421. Láti ìgbà náà, mo ti fi 7, 11, 13 títí dé 97 pín in, kò gbà. Ṣé prime ni (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló pín in), àbí kí n ṣì máa bá a lọ?

Ìdáhùn: Kì í ṣe prime. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà kò burú, ó kàn jìn ni.

Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ fi 3 bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ro 1 dé 9 pọ̀, 45 ni, 9 sì pín 45 dọ́gba. Bí ẹ bá fi 9 pín 10, tàbí 100, tàbí 1,000, 1 náà ni yóò máa ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí àròpọ̀ díjíìtì fi ń sọ òótọ́ fún wa.

Iṣẹ́ gan-an wà lára 13,717,421. Tí ẹ bá ń fi prime pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ óò dán èyí tó lé ní 500 wò kí ọ̀kan tó gbà. Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi ọ̀nà mìíràn hàn láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó sì máa ń wú mi lórí títí dòní. Nọ́ńbà tí a bá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, square ni ẹ jẹ́ ká pe ohun tó bá bí. Fermat ń wá square méjì tó jẹ́ pé, bí a bá yọ kékeré kúrò nínú ńlá, nọ́ńbà wa ni yóò kù. Bí a bá rí wọn, ẹ mú nọ́ńbà méjì tó bí àwọn square náà: ìyàtọ̀ wọn lọ́nà àròpọ̀ wọn ni nọ́ńbà wa.

3,703 lọ́nà 3,703 kò tó 13,717,421, nítorí náà 3,704 la ó ti bẹ̀rẹ̀. 3,704 lọ́nà 3,704 jẹ́ 13,719,616. Ẹ yọ nọ́ńbà wa kúrò níbẹ̀, ó ku 2,195. Kì í ṣe square: square tó bá parí sí 5, 25 ló gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Ẹ bọ́ sí 3,705: 13,727,025. Ẹ yọ ọ́, ó ku 9,604, ìyẹn 98 lọ́nà 98. Ó ti bọ́ sí i nìyẹn! Ẹ yọ 98 kúrò nínú 3,705, ẹ rí 3,607. Ẹ fi 98 kún un, ẹ rí 3,803. Prime ni àwọn méjèèjì. Fún ìwọ̀nyí, tí ẹ bá fi prime dán an wò dé 61, ó ti tó.

Nítorí náà, 3 × 3 × 3,607 × 3,803 ni 123,456,789. Nọ́ńbà 12 ló pín in: 1, 3, 9, 3,607, 3,803, 10,821, 11,409, 32,463, 34,227, 13,717,421, 41,152,263, àti òun fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ohun tó jẹ́ kó tètè yá ni pé 3,607 àti 3,803 súnmọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ilẹ̀ á ṣú bá yín lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi prime ńlá méjì ṣe kọ́kọ́rọ́ ààbò lórí kọ̀ǹpútà kì í mú méjì tó súnmọ́ra. Ẹ máa dán ọ̀nà Fermat wò bí ìgbà mẹ́wàá. Tí kò bá bọ́ sí i, ẹ padà sí fífi prime pín in.