Èsì: Tírélà kékeré tó ń jùrù lẹ́yìn jíípù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní tírélà tí ẹ fi jíípù fà láti Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ń jùrù bí eré bá ti pọ̀, àti pé ìdí rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹrù tó bá wúwo lẹ́yìn táyà máa ń gbé imú tírélà, ibi tí a fi ń so ó mọ́ jíípù, sókè. Afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá lásán á gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ sún jẹnẹrétọ̀ síwájú, kí nǹkan bí 60% ẹrù wà níwájú táyà, kí ẹ sì dè é pinpin. Bí tírélà àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ bá jẹ́ 1,000 kg, kí imú tẹ jíípù tó 100 sí 150 kg. Ẹ gbé imú náà lé ìwọ̀n kẹ ẹ rí i. Ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ o: ìdí jíípù á wọlẹ̀, táyà iwájú á fúyẹ́, sìtíárì ò ní gbọ́ràn mọ́.

Ẹ yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò kó tó gbóná. Kí ìwọ̀n bọ́ọ̀lù irin ìdí jíípù, tí a ń so tírélà mọ́, bá ihò imú tírélà mu.

Irin tí wọ́n ń tà láti dá jíjùrù dúró? Ẹ má tíì náwó sí i. Kò lè tún ẹrù tí a tò sódì ṣe.

Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ lójú títì, ẹ di sìtíárì mú gbọin-in, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná kí eré fúnra rẹ̀ dín kù. Ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì sáré sí i.