Káàdì Kò Jẹ Ọ́ ní Gbèsè: Ìdáhùn sí Ẹni Tó Ń Pàdánù Nídìí Póókà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

ÌBÉÈRÈ

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe ní Ìsọ́kùn, ní Iléṣà. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń ta póókà lórí fóònù, ní tábìlì kékeré ẹni mẹ́fà tí owó dandan rẹ̀, èyí tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ sẹ́ńtì 2 (kékeré) àti sẹ́ńtì 5 (ńlá) owó Amẹ́ríkà. Àkọsílẹ̀ wọn fi hàn pé mo ti ta ìpín 12,000 (ìgbàkígbà tí wọ́n bá pín káàdì lákọ̀tun ni ìpín kan), mo sì ti pàdánù dọ́là 120. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí oníbàárà fún mi láti ra láínì. Mo máa ń wọ ìpín 6 nínú 10, nítorí ta ló mọ ohun tó máa bọ́ sílẹ̀? Ṣùgbọ́n káàdì mi burú kọjá àfẹnusọ. Ìgbà márùn-ún léraléra ni mo dúró de ọlọ́kàn (káàdì tó ní àwòrán ọkàn) kan ṣoṣo tí kò dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà kì í fi gbèsè sílẹ̀: ohun tí wọ́n jẹ mí ti pọ̀, ó yẹ kí ó ti kàn mí báyìí. Ẹnìkan fẹ́ ta àpù kan fún mi ní 40,000 náírà, tó máa ń sọ ìgbà tí káàdì rere bá ti sún mọ́lé. Ṣé kí n rà á, àbí kí n kúkú gòkè lọ sí tábìlì ńlá, kí owó mi lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà?"

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má ra àpù yẹn, má sì gòkè lọ síbi kankan. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹlòmíràn kì í ka ìdáhùn dé ìparí kí owó rẹ̀ tó lọ. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, inú sì ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń fi í jẹun, nítorí pé ohun tí wọ́n ń tà kò sí láyé. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìpìlẹ̀ ìbéèrè rẹ gan-an ni kò dúró. O ní wọ́n jẹ ọ́ ní gbèsè. Kò sí ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè.

Àwọn òṣómàáló, bàbá yín, aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún ènìyàn kí wọ́n tó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé àwọn kò ní dìde bí owó kò bá pé. Káàdì kò gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ. Káàdì 52 ni ó wà nínú ìdì, kọ̀ǹpútà sì ń pò wọ́n pọ̀ lákọ̀tun ṣáájú ìpín kọ̀ọ̀kan. Iye ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò tẹ̀lé ara wọn pọ̀ débi pé, bí a bá kọ òǹkà rẹ̀ sílẹ̀, díjíìtì 68 ni yóò gùn tó. Kò sí ibì kankan nínú gbogbo èyí tí a kọ ọ́ sí pé télọ̀ kan ní Ìsọ́kùn pàdánù lánàá. Ìpín tó kọjá kò fi iṣẹ́ kankan rán èyí tó ń bọ̀.

Mo mọ ohun tí wàá fi dá mi lóhùn, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà ń sọ ọ́: ṣé kì í ṣe ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò lẹ ń sọ pé bó pẹ́ bó yá, ohun gbogbo á padà dọ́gba? A sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe gbọ́ ọ kọ́ ni a ṣe sọ ọ́. Mú owó ẹyọ kan, kí o jù ú sókè nígbà 100, kí a sì gbà pé ojú rẹ̀ hàn nígbà 60, ẹ̀yìn rẹ̀ hàn nígbà 40. Lójú tìrẹ, ẹ̀yìn ti ní gbèsè 20 láti gbà, ó sì yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ju ojú lọ. Ó dára, tún jù ú nígbà 900 sí i. Owó náà kò rántí nǹkan kan, nítorí náà ohun tí a lè retí ni ojú 450 àti ẹ̀yìn 450. Rò wọ́n pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́: ojú di 510, ẹ̀yìn di 490. Ojú tó jẹ́ 60 nínú 100 tẹ́lẹ̀ ti di 51 nínú 100, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí a ṣe sọ. Ṣùgbọ́n wo 20 tí ojú fi ṣáájú níbẹ̀rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni kò san án padà. Òǹkà ló kàn pọ̀ débi pé 20 kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Jọ̀wọ́, ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì fi owó ẹyọ dán an wò fúnra rẹ bí o bá ní àyè, nítorí pé gbogbo àṣìṣe tó kù nínú lẹ́tà rẹ, orí èyí ni ó dúró lé.

Kì í ṣe ìwọ nìkan ni ó ń ṣe. Ní ọdún 1913, ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo, àwọ̀ dúdú jáde nígbà 26 léraléra lórí kẹ̀kẹ́ roulette. Bí dúdú ṣe ń jáde ni àwọn ènìyàn ń da owó lé pupa lórí, tí wọ́n ní ó ti kàn án, owó ńlá ni wọ́n sì fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Jẹ́ kí a wá wo ọlọ́kàn tí kò dé. Ọlọ́kàn márùn-ún lo nílò kí káàdì rẹ tó lágbára. Nínú ọ̀kan tí o tún ṣàlàyé fún mi, tí a kò tẹ̀ síbí, ọlọ́kàn méjì wà lọ́wọ́ rẹ, méjì wà lórí tábìlì, káàdì kẹrin ti ṣí, ó ku ẹyọ kan. Owó àárín, ìyẹn àpapọ̀ owó tí gbogbo yín ti gbé kalẹ̀ tí ẹni tó bá borí yóò kó, jẹ́ sẹ́ńtì 40. Ẹnì kejì rẹ gbé sẹ́ńtì 40 kalẹ̀, ìwọ náà sì san 40 láti rí káàdì tó kẹ́yìn. Ọlọ́kàn 13 ni ó wà nínú ìdì, o ti rí 4, ó ku 9. Káàdì tí ojú rẹ kò tíì kàn jẹ́ 46. Nítorí náà, 9 nínú 46 ni ìrètí rẹ, ìyẹn ni pé kò pé ìgbà 20 nínú 100. Bí ènìyàn bá dúró de irú rẹ̀ nígbà márùn-ún, tí kò sì rí i rárá, ìṣirò sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta. Ohun tí o pè ní ibi tí ojú kò rí rí, ohun ojoojúmọ́ ni.

Owó tí o san gan-an ni ó yẹ kí o máa sunkún lé lórí. O fi sẹ́ńtì 40 wá sẹ́ńtì 80, nítorí náà o gbọ́dọ̀ ní ìrètí tó tó 33 nínú 100 kí o tó lè bọ́ lọ́wọ́ àdánù, bẹ́ẹ̀ sì ni tìrẹ kò pé 20. Bí a bá pín èrè àti àdánù rẹ̀ dọ́gba, sẹ́ńtì 16 àti àbọ̀ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo ìgbà tí o bá san irú owó bẹ́ẹ̀, yálà ọlọ́kàn dé tàbí kò dé. Ó lè dín díẹ̀ bí ó bá dá ọ lójú pé ẹnì kejì yóò tún san owó ńlá fún ọ lẹ́yìn tí ọlọ́kàn bá ti dé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ọlọ́kàn mẹ́ta lórí tábìlì kì í sábà ṣí àpò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìṣirò tìrẹ gan-an tún jẹ́rìí sí i. Dọ́là 120 jẹ́ owó dandan ńlá 2,400, ìyẹn sẹ́ńtì 5 lọ́nà 2,400. Nínú irú póókà yìí, tí a ń pè ní Texas Hold'em aláìlódiwọ̀n, ìyípadà tí orí nìkan ń fà sábà máa ń wà láàárín 80 sí 100 owó dandan ńlá ní ìpín 100. Bí mo bá lo 100 láti ṣàánú rẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tí kò sì kéré sí wọn lè lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀ tó nǹkan bí 1,100 lẹ́yìn ìpín 12,000. Kí orí burúkú nìkan tó gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé 2,400 nísàlẹ̀, kò tó ìgbà 2 nínú 100. Èmi kò sọ pé orí burúkú kò sí. Òṣèré tó dára gan-an, tó ń jèrè 5 ní ìpín 100, ṣì lè wà nínú àdánù lẹ́yìn ìpín 10,000, ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ẹni 31 nínú 100. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Carnegie Mellon fẹ́ dán kọ̀ǹpútà wọn tó ń jẹ́ Libratus wò pẹ̀lú ògbóǹtarìgì mẹ́rin ní oṣù kìíní ọdún 2017, ìpín 120,000 ni wọ́n ta kí wọ́n tó fẹnu lé e. Ṣùgbọ́n ní tìrẹ, àlàyé tó sún mọ́ òtítọ́ jù ni pé ọ̀nà tí ò ń gbà ta á ni kò dára.

Ní ti àpù, bí kọ̀ǹpútà bá ń po káàdì bó ṣe yẹ, kò sí ohun tó lè "sún mọ́lé" nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí àpù lè rí. Àwọn ènìyàn ti fi ojú rí káàdì ẹlòmíràn rí ní Absolute Poker àti UltimateBet, àwọn ilé póókà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní nǹkan bí ọdún 2007 sí 2008. Àwọn tó ní ọ̀nà wọ inú ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n, àwọn òṣèré ló sì tú wọn fó nígbà tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpín, tí wọ́n rí i pé èrè wọn kò bá ìṣirò mu. Ẹni tó bá ní irú ojú bẹ́ẹ̀ kò ní tà á fún ọ ní 40,000 náírà. Ohun tí àpù náà lè rí dáadáa ni fóònù rẹ, níbi tí owó báńkì rẹ wà. Kí àwọn tó ń pè é ní àwúre náà gbọ́: olè ni yín.

Tábìlì ńlá ńkọ́? Àwọn tó gbọ́n ju àwọn tó ń ṣẹ́gun rẹ lọ ló wà níbẹ̀. Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ ní sẹ́ńtì yóò wá máa bọ́ ní dọ́là.

Bí o bá sì ta kú pé o fẹ́ máa ta á, ìpín 6 nínú 10 tí ò ń wọ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi ọwọ́ mú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ní tábìlì ẹni mẹ́fà kì í sábà wọ̀ ju 20 sí 25 nínú 100; ìyókù, ó ń jù ú sílẹ̀ láìkáàánú. Káàdì méjì tí kò jọra máa ń rí ẹnìkejì rẹ̀ nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá ṣí sórí tábìlì ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ìdáhùn sí "ta ló mọ ohun tó máa bọ́ sílẹ̀" nìyẹn. Wọ̀ ọ́ púpọ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni wàá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí o lè rí ohun tí àwọn tó kù ṣe. Dín in kù nígbà tí o bá ṣáájú. Tábìlì kan ṣoṣo ni kí o máa jókòó sí. Má sì gbàgbé owó tí onílé, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ni tábìlì, ń gé nínú owó àárín, tó sábà máa ń jẹ́ 5 nínú 100 ní tábìlì kékeré: nínú owó àárín tó jẹ́ dọ́là 2, sẹ́ńtì 10 ti lọ, ìyẹn owó dandan ńlá méjì. Nítorí èyí, àwọn tí agbára wọn dọ́gba ni wọ́n jọ ń pàdánù, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́n dáadáa ni kò sì ní jèrè níbẹ̀ láéláé. N kò lè ṣèlérí pé ìwọ yóò jèrè.

Èmi kì í ṣe amòfin. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni òfin lọ́tìrì wà, nítorí náà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ òfin Ọ̀ṣun kí o tó fi kọ́bọ̀ sí i.

Owó láínì ni ó dùn mí jù. Dá a padà lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì rán aṣọ oníaṣọ. Títí wàá fi ṣe bẹ́ẹ̀, má ta ìpín kan ṣoṣo. Bí o bá gbìyànjú láti dúró tí ọwọ́ rẹ kò sì gbọ́, sọ fún ẹnì kan nínú ilé yín àti fún dókítà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìṣirò nìyẹn. Lẹ́yìn tí o bá ti san án, yọ ìpín 20 tí o ti pàdánù jù jáde nínú àkọsílẹ̀ rẹ. Kọ owó àárín, owó tí wọ́n ní kí o san, àti iye káàdì tó lè gbà ọ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ yẹ̀ wọ́n wò.