Ẹ ka tíṣà kí ẹ tó ka ọmọ

Ìyá Ìbejì, mo rí ìbéèrè yín: ṣé kí ẹ yọ àwọn ìbejì kúrò ní ilé-ìwé aládàáni lọ sí ti ìjọba ní ìlú yín nílẹ̀ Rẹ́mọ, àti pé ṣé JSS 1 ni àbí JSS 2. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an.

Ìwé tránsífà, ìwé ọjọ́ ìbí, èsì ìdánwò, ẹ kó wọn lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ìyẹn ò le.

Èyí tó le rèé. Ọmọ méjìdínlógún péré ló wà ní kíláàsì àkọ́bí mi ní SS 1. Inú mi dùn, mo ní tíṣà á ráyè tiwọn. Àṣé àgùnbánirọ̀ ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, ó lọ, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Odindi sáà mẹ́rin! Bí àkókò ìṣirò bá tó, wọ́n á kàn jókòó ni. Ìgbà márùn-ún ni mo lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́. Mo padà lọ, wọn ò rí lẹ́tà. Ìgbà kẹta, ọ̀gá kan ní àwọn ọmọ wa ò pọ̀ tó èyí tí wọ́n á torí rẹ̀ gbé tíṣà wá. Mo ní, "Ọ̀gá, àìsí tíṣà ló lé àwọn ọmọ lọ." Ó ní kí n kọ lẹ́tà míì. Bẹ́ẹ̀ làwọn òbí ń kó ọmọ wọn lọ sí Ṣágámù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku mọ́kànlá. Nígbà tí tíṣà máa dé, WAEC ku oṣù mẹ́ta. F9 lọmọ mi gbà, yunifásítì ò sì ní gbà á sí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà láìsí kírẹ́díìtì nínú ìṣirò. Owó lẹ́sìnnì ọdún kan ni mo san kó tó rí C6 nínú GCE. Ìkẹ́nnẹ́ ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni wọ́n bí Awólọ́wọ̀ tó sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn lọ́dún 1955. Ó ń dùn mí.

Torí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iye tó yege tàn yín. Nínú ọmọ mọ́kànlá, bí ẹni méjì bá yege sí i, á dà bíi pé ilé-ìwé ti yí padà. Nóòtì ìṣirò ọmọ SS 2 ni kí ẹ gbà, kí ẹ wo déètì òkè ojú ìwé. Bí oṣù kan bá fò, ẹ bi ọmọ náà léèrè.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti jí ìwé wò nínú WAEC, ẹ sá fún un. WAEC máa ń fagi lé èsì. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ sanwó ilé-ìwé ní JSS, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ọdún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ní ilé-ìwé ìjọba títí dé JSS 3. Ẹ béèrè rìsíìtì.

Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ lọ wo ibẹ̀, láago méjìlá. Àwọn tíṣà tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ti máa ń lọ nígbà yẹn. Àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni kí ẹ kà.