Mo fẹ́ máa kọ fíìmù, mo sì fẹ́ máa darí rẹ̀: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ọmọ ọdún 22 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ó wù mí kí n máa kọ ìtàn fíìmù, kí n sì máa darí rẹ̀, àmọ́ kò sówó ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìtàn ni kó o kọ́kọ́ kọ, torí ìyẹn ò ná ẹ lówó. Fi ìtàn wákàtí méjì sílẹ̀ ná. Kọ ojú-ìwé mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ní irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Courier, ìwọ̀n 12. Ojú-ìwé kan máa ń tó bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Òṣèré méjì tàbí mẹ́ta, ilé kan ṣoṣo, kí ọjọ́ méjì lè tó láti yà á.

Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ nìkan ni kó o kọ. “Ṣadé ń rántí ìyá rẹ̀” kò ṣe é yà. “Ṣadé ká gèlè ìyá rẹ̀, ó gbé e sí imú” ni kámẹ́rà máa rí. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá ni wọ́n máa sọ, Yorùbá ni kó o fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn. Tó o bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí òṣèré túmọ̀ ọ́ ní lókèṣọ̀n, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń ya fíìmù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa yí padà nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá tún un yà, èdítọ̀, ẹni tó ń to àwọn ohun tẹ́ ẹ yà pọ̀ di fíìmù, ò sì ní rí i so pọ̀.

Lẹ́yìn náà, wá iṣẹ́ kọntiníúítì sọ́dọ̀ ẹni tó ń ya fíìmù, ìyẹn iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ kí ohun tí wọ́n yà báyìí lè bá èyí tí wọ́n yà tẹ́lẹ̀ mu. Ìwọ lo máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni òṣèré fi di ife mú, pé omi inú ife ti dé ìdajì, pé ìgbà kẹta tí wọ́n yà á ló dára jù. Ẹ̀gbẹ́ olùdarí lo máa wà látàárọ̀ dalẹ́. Mi ò mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ fẹ́ni tí kò lówó. Kó o tó gbà láti lọ sùn ní lókèṣọ̀n, béèrè yàrá tí àwọn obìnrin máa sùn àti ẹni tó máa gbé yín délé bí iṣẹ́ bá di òru. Ẹni tí ìbéèrè yẹn bá bí nínú, má bá a ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà míì náà wà: fídíò orin ni Kemi Adetiba, olùdarí fíìmù ọmọ Nàìjíríà, fi ọdún púpọ̀ darí kó tó ṣe fíìmù sinimá.

Nígbà tó o bá ń ya tìẹ, ohùn ló máa ń bà jẹ́ jù. Lọ tẹ́tí sí ilé náà ní wákàtí tẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò ṣe é yọ kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀. Gbé maikirofóònù sún mọ́ ẹnu. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kẹ́ ẹ gba ohùn yàrá náà sílẹ̀. Òun ni èdítọ̀ máa fi dí àlàfo.

Bí ẹlòmíì bá bá ẹ kọ ìtàn náà, ẹ kọ ìpín oníkálukú sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú kí kámẹ́rà tó dé.